Ọ̀kẹ́ Kan: Ẹ̀bi Ta Ni Bí 20,000 Kò Bá Ṣeé Pín fún Ènìyàn Méjìlá?

ÌBÉÈRÈ

Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni mo ti ń kọ̀wé yìí sí yín. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ èésú àwọn ìyá tó ń ṣe gààrí ní àdúgbò wa. Bí ọdún bá ti parí, ₦20,000 ló máa ń kù sínú àpò ẹgbẹ́. Owó káàdì àti owó ìtanràn àwọn tó pẹ́ dé ìpàdé ni. A máa ń pín in dọ́gba kí oníkálùkù lè fi ra èròjà ọbẹ̀ ọdún.

Nígbà tí a jẹ́ mẹ́jọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ₦2,500. Nígbà tí a di mẹ́wàá, ₦2,000 géérégé ló kàn wá. Lọ́dún tó kọjá a di méjìlá, ni ìjọ̀ngbọ̀n bá dé. ₦1,666 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦8 sì ṣẹ́kù sílẹ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi fóònù ṣe é, ibì kan náà ló ń já sí. Àwọn kan ní n kò mọ ìṣirò. Àwọn mìíràn kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ọwọ́ mi bí ẹni pé mo fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Ó dùn mí.

Mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyá mi àgbà. Wọ́n ní, "Ọ̀kẹ́ kan ni ẹ ń pè ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún yẹn. Ọ̀kẹ́ mọ iye ènìyàn tó ń gbà." Wọn kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè mi ni pé: ṣé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n pín ni, àbí nọ́ńbà náà ló ní tirẹ̀ lára? Kí ni ìyá mi àgbà ní lọ́kàn? Ṣé ọ̀nà wà tí mo fi lè mọ̀ ṣáájú, láìdán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan, iye ènìyàn tí 20,000 lè kárí láìṣẹ́kù?

Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun.

ÌDÁHÙN

Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn: ẹ kò jẹ̀bi. Ìṣirò yín pé. Kò sí ọ̀mọ̀wé kankan láyé tó lè pín 20,000 sí ọ̀nà méjìlá tó dọ́gba kí nǹkan má ṣẹ́kù. Nọ́ńbà náà ni kò gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, torí pé ọwọ́ àwọn ìyá ńlá wa ni ìdí náà ti wá, ìyá yín àgbà sì ti fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ọ́ tán.

Àpò tó di nọ́ńbà

Ọ̀kẹ́ ni àpò ńlá. Nígbà tí owó bébà kò tíì dé, owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ń ná. Erékùṣù Maldives, nínú Òkun Íńdíà, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó ló sì kó èyí tó pọ̀ jù dé etíkun wa. Kò yẹ ká gbàgbé pé àwọn ọmọ ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi owó náà rà.

Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, kọ bí wọ́n ṣe ń to owó náà. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Okùn àádọ́ta ló ń di ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló ń kún ọ̀kẹ́ kan. Ẹ bá mi ṣe é: 40 lọ́nà 50 jẹ́ 2,000, 2,000 lọ́nà 10 jẹ́ 20,000. Ẹrù tí alágbára ènìyàn lè gbé rù ni. Nígbà tó pẹ́ tí iye owó inú àpò kò yí padà, orúkọ àpò di orúkọ iye. Ọ̀kẹ́ kan kò jẹ́ àpò mọ́, ó di 20,000 ohunkóhun, ìbáà jẹ́ ebè, ìbáà jẹ́ ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kú. Bí ìwé ìròyìn Yorùbá bá fẹ́ pe mílíọ̀nù kan, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni wọ́n máa kọ, torí pé 50 lọ́nà 20,000 jẹ́ 1,000,000. Bí ohun kan bá sì pọ̀ ju kíkà lọ, ọ̀kẹ́ àìmọye là ń pè é. Ẹnu wa ṣì ń ka àpò owó ẹyọ títí di òní.

Ẹ tún wo ibi tí ọ̀kẹ́ dúró sí láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ogún jẹ́ 20: ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ ènìyàn kan pé. Igba jẹ́ 200. Ẹgbàá, tí í ṣe igba mẹ́wàá, jẹ́ 2,000. Ọ̀kẹ́, tí í ṣe ẹgbàá mẹ́wàá, jẹ́ 20,000. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ni, ìlọ́po mẹ́wàá sì ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ogún ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé, mẹ́wàá ni wọ́n fi ń gòkè nínú rẹ̀.

Ọwọ́ tó kà á

Ní 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tó ti gbé láàrin àwọn Yorùbá, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lórí bí a ṣe ń ka nǹkan. Ó ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀kẹ́ owó kan. Wọ́n á da owó náà sílẹ̀ bí òkìtì. Ẹni tó ń kà á á jókòó tàbí kó kúnlẹ̀ ti òkìtì náà. Á máa fi ọwọ́ fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún jáde. Márùn-ún lọ́nà ogún á di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì á di igba. Igba mẹ́wàá á di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá á sì di ọ̀kẹ́.

Ẹ fi sùúrù wo ohun tí ọwọ́ yẹn ṣe: 5, lọ́nà 20, lọ́nà 2, lọ́nà 10, lọ́nà 10. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po ara wọn, 20,000 ni ẹ máa bá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá tú àwọn nọ́ńbà yẹn bí ẹni tú okùn. Ogún jẹ́ 2 lọ́nà 2 lọ́nà 5. Mẹ́wàá jẹ́ 2 lọ́nà 5. Ṣùgbọ́n 2 kò ṣeé tú mọ́, bẹ́ẹ̀ ni 5 kò ṣeé tú mọ́. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, tí kò sí ohun tó lè pín in bí kò ṣe 1 àti òun fúnra rẹ̀, ni mo máa pè ní nọ́ńbà ìpìlẹ̀ nínú ìdáhùn yìí. Àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn ni 2, 3, 5, 7, 11 àti 13. Bí a bá ka iye tó wà nínú ọ̀kẹ́ kan, a máa bá 2 márùn-ún àti 5 mẹ́rin:

2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 5 × 5 × 5 × 5 = 20,000.

Ẹ lè fi àpò àgbàdo rò ó. Ẹ pín 20,000 sí méjì, ó di 10,000. Ẹ tún un pín sí méjì, ó di 5,000, lẹ́yìn náà 2,500, lẹ́yìn náà 1,250, lẹ́yìn náà 625. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún nìyẹn. 625 kò ṣeé pín sí méjì mọ́, torí 2 ti tán nínú rẹ̀. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín in sí márùn-ún: 125, 25, 5, 1. Ẹ̀ẹ̀mẹrin nìyẹn. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ yín. Gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀kẹ́ nìyẹn, kò sí òmíràn tó fara pamọ́ síbẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé, bí a bá gba ọ̀nà mìíràn kà á, ṣé kò ní yàtọ̀? Kò ní yàtọ̀. Ẹ gba ọ̀nà ti Johnson: ogójì lórí okùn, okùn àádọ́ta, ẹgbàá mẹ́wàá. 40 ní 2 mẹ́ta àti 5 kan. 50 ní 2 kan àti 5 méjì. 10 ní 2 kan àti 5 kan. Ẹ pa wọ́n pọ̀: 2 márùn-ún, 5 mẹ́rin. Ibì kan náà ni. Òfin kan ló wà nídìí èyí: gbogbo nọ́ńbà tó ju 1 lọ ní àkójọ nọ́ńbà ìpìlẹ̀ tirẹ̀, kò sì ní ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ Jámánì kan, Carl Friedrich Gauss, ló kọ ẹ̀rí rẹ̀ kedere sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1801, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 24. Ṣùgbọ́n òfin náà ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ka owó ẹyọ lórí ẹní nílẹ̀ wa kí wọ́n tó bí Gauss.

Ìdí tí méjìlá kò fi lè wọlé

Méjìlá jẹ́ 2 lọ́nà 2 lọ́nà 3. Ọ̀kẹ́ ní 2, kódà ó ní i lọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní 3 kankan. Àwọn tó kà á kò fìgbà kan kó nǹkan ní mẹ́ta mẹ́ta. Ohun tí kò sí nínú ìpìlẹ̀ ilé, a kò lè bá a lórí òrùlé. Ìdí nìyẹn tí ₦8 fi ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, ₦2 ni ì bá ṣẹ́kù. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́fà, ₦2 ni. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ₦2 ni. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ₦5 ni. Gbogbo wọn ló ní 3 nínú.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ̀ ọ́n láìpín rárá. Ẹ ro àwọn ẹyọ nọ́ńbà inú 20,000 pọ̀: 2 + 0 + 0 + 0 + 0 = 2. Bí àròpọ̀ náà bá ṣeé pín sí mẹ́ta, nọ́ńbà náà ṣeé pín sí mẹ́ta. Bí kò bá ṣeé pín, nọ́ńbà náà kò ṣeé pín. 2 kò ṣeé pín sí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ dán an wò pẹ̀lú 24,000: 2 àti 4 jẹ́ 6, 6 ṣeé pín sí mẹ́ta, nítorí náà 24,000 náà ṣeé pín. Ẹ tún wo mílíọ̀nù kan: 1 péré ni àròpọ̀ rẹ̀. Bí owó ṣe pọ̀ tó yẹn, ènìyàn mẹ́ta kò lè pín in dọ́gba láìṣẹ́kù, torí pé ọmọ ọ̀kẹ́ ni mílíọ̀nù. Kò ju 2 mẹ́fà àti 5 mẹ́fà lọ.

Bí nọ́ńbà kan bá tilẹ̀ jẹ́ kìkì 2, kò túmọ̀ sí pé ọ̀kẹ́ máa gbà á. Iye rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Àwọn tó ń dá ẹẹ́rìndínlógún mọ 16 dáadáa; 2 mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà ọ̀kẹ́ gbà á, 1,250 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. 32 ní 2 márùn-ún, ọ̀kẹ́ gbà á, 625 ni. Ṣùgbọ́n 64 ní 2 mẹ́fà, ọ̀kẹ́ kò sì ní ju márùn-ún lọ. Odù Ifá 256 ńkọ́? 2 mẹ́jọ ló wà nínú 256. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kẹ́ owó kan kalẹ̀ kí wọ́n pín in dọ́gba fún gbogbo odù, kò ní pé, ẹyọ 32 á ṣẹ́kù sílẹ̀.

Ọgbọ̀n ilẹ̀kùn

Ní báyìí mo lè dáhùn ìbéèrè yín kẹta. Iye tí ọ̀kẹ́ lè kárí láìṣẹ́kù jẹ́ ọgbọ̀n géérégé. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Kí ẹ tó lè rí nọ́ńbà tó pín in, ẹ máa mú díẹ̀ nínú 2 rẹ̀ àti díẹ̀ nínú 5 rẹ̀. Ẹ lè má mú 2 kankan, ẹ lè mú ẹyọ kan, títí dé márùn-ún: ọ̀nà mẹ́fà nìyẹn. Ẹ lè má mú 5 kankan, ẹ lè mú ẹyọ kan, títí dé mẹ́rin: ọ̀nà márùn-ún nìyẹn. 6 lọ́nà 5 jẹ́ 30. Gbogbo wọn nìyí, kí ẹ lè kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé ẹgbẹ́:

1, 2, 4, 8, 16, 32;
5, 10, 20, 40, 80, 160;
25, 50, 100, 200, 400, 800;
125, 250, 500, 1,000, 2,000, 4,000;
625, 1,250, 2,500, 5,000, 10,000, 20,000.

Ẹ rí i pé 8 àti 10 wà níbẹ̀, ìyẹn ni ọkàn yín fi balẹ̀ láwọn ọdún àkọ́kọ́. 11, 12, 13, 14 àti 15 kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá di 16 tàbí 20, àlàáfíà á tún dé. Ẹ tún rí i pé wọ́n ń tò ní méjì méjì bí ọkọ àti aya: 8 pẹ̀lú 2,500, 10 pẹ̀lú 2,000, 16 pẹ̀lú 1,250, 125 pẹ̀lú 160. Méjèèjì nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá ti di ìlọ́po ara wọn, ọ̀kẹ́ ni wọ́n ń bí.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ máa ń dá nọ́ńbà lẹ́jọ́ báyìí: wọ́n á ro gbogbo àwọn tó lè pín in pọ̀, láìka òun fúnra rẹ̀ mọ́ wọn. 6 ní 1, 2 àti 3; àròpọ̀ wọn jẹ́ 6 gan-an, wọ́n sì pè é ní nọ́ńbà tó pé. 10 ní 1, 2 àti 5. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 8, kò tó ara rẹ̀. Ọ̀kẹ́ ńkọ́? Àròpọ̀ àwọn 29 tó kù jẹ́ 29,203. Ó ju ara rẹ̀ lọ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà tí ọwọ́ rẹ̀ là ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ mẹ́ta í ṣe.

Oko méjì nínú ọ̀kẹ́ ebè

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín tí mo fẹ́ràn nínú nọ́ńbà yìí, torí mo mọ̀ pé àgbẹ̀ pọ̀ lágbègbè yín, láti Ìfọ́n títí dé Ìlobùú.

Ká ní àgbẹ̀ kan fẹ́ kọ ọ̀kẹ́ kan ebè iṣu. Ó ní ilẹ̀ méjì, ó sì fẹ́ kí oko kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́rin tó dọ́gba, kí iye ebè lórí ìlà kan bá iye ìlà mu. Ọ̀nà àkọ́kọ́ rọrùn: 100 ebè lórí ìlà 100 jẹ́ 10,000, oko méjì bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀nà kejì: kí oko ńlá jẹ́ 140 lọ́nà 140, ìyẹn 19,600, kí oko kékeré jẹ́ 20 lọ́nà 20, ìyẹn 400. Ó pé. Ọ̀nà kẹta: 124 lọ́nà 124 jẹ́ 15,376, 68 lọ́nà 68 jẹ́ 4,624. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ọ̀kẹ́ kan ni. Kò sí ọ̀nà kẹrin. Ẹ lè wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ kò ní rí i.

Àwọn 5 inú ọ̀kẹ́ ló fa èyí. 5 fúnra rẹ̀ jẹ́ oko kékeré méjì: 1 lọ́nà 1, àti 2 lọ́nà 2, ìyẹn 1 àti 4. Bí 5 bá ṣe ń pọ̀ nínú nọ́ńbà ni ọ̀nà ń pọ̀. Ká ní kìkì 2 márùn-ún ló ní, ìyẹn 32, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ì bá ní: 16 àti 16. Ohun tí ọwọ́ oníka márùn-ún fi sínú ọ̀kẹ́ ń sọ̀rọ̀ títí dé oko.

Ọ̀kẹ́ kan ọjọ́

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ ká ọ̀kẹ́ wò. Ẹni tó bá ti lo ọ̀kẹ́ kan ọjọ́ láyé ti pé ọdún 54 àti nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Èmi ti kọjá ibẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìyá yín àgbà ti sún mọ́ ọ̀kẹ́ kan àbọ̀, torí pé ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ọdún 82. Ẹ bá mi kí wọn.

Ká ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n bí ẹnì kan. Bí ọ̀kẹ́ kan ọjọ́ bá pé lẹ́yìn ìbí rẹ̀, ọjọ́ wo ló máa bọ́ sí? Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni ti ìwé, 7 kò sì sí nínú ìpìlẹ̀ ọ̀kẹ́. 7 lọ́nà 2,857 jẹ́ 19,999. Ẹyọ ọjọ́ kan ṣẹ́kù. Nítorí náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa bọ́ sí, ọjọ́ kan á ti yẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa kì í ṣe méje. Mẹ́rin ni: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta, kó tó tún padà sórí Ọbàtálá, tí a ń pè ní ọrún nítorí pé a ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. 4 wà nínú ìpìlẹ̀ ọ̀kẹ́, 5,000 ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ géérégé, kò ṣẹ́kù. Ìlú Òrìṣà Olúfọ́n ni ìlú yín, òrìṣà tí orúkọ rẹ̀ dé Bràsíl lẹ́nu àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ọmọ Ìfọ́n tí wọ́n bá bí ní ọjọ́ Ọbàtálá, bí ọ̀kẹ́ kan ọjọ́ bá pé, ọjọ́ Ọbàtálá ni yóò tún bá. Nọ́ńbà wa àti ọ̀sẹ̀ wa bá ara wọn mu.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Mo ti sọ pé ọ̀kẹ́ kò gba méjìlá. Ẹ má fi agídí pín in. ₦1,666 pàápàá kò ṣeé san lọ́wọ́. Níbo la ti máa rí ẹyọ náírà mẹ́fà lónìí? Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, kí ẹgbẹ́ yan èyí tó bá wọn lára mu.

Èkíní, ẹ pín ₦18,000, kí ẹ fi ₦2,000 sílẹ̀. ₦18,000 jẹ́ ẹgbàá mẹ́sàn-án. Nítorí mẹ́sàn-án yẹn, ó ní 3 méjì nínú. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjìlá á gba ₦1,500, ẹgbàá kan á sì wà nínú àpò fún ọdún tó ń bọ̀. Èyí ló wù mí jù fún yín.

Èkejì, bí agbára bá wà, ẹ jẹ́ kí owó àpò ga díẹ̀ kó di ₦24,000. Nígbà náà ₦2,000 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ti ìgbà tí ẹ jẹ́ mẹ́wàá.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá mọ̀ pé iye yín á máa yí padà lọ́dọọdún, ẹ fi ₦25,200 ṣe àfojúsùn. 2 mẹ́rin, 3 méjì, 5 méjì àti 7 kan ló wà nínú rẹ̀. Ó gba gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 10, ó gba 12, ó gba 14, ó gba 15, ó gba 16. 11 àti 13 nìkan ló máa bá a jà nínú àwọn tó wà láàrin wọn. Ó ju ọ̀kẹ́ lọ ní ₦5,200 péré, ṣùgbọ́n iye àwọn tó lè pín in jẹ́ 90, ìlọ́po mẹ́ta ti ọ̀kẹ́.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yan, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ fẹnu kò lé e lórí kí ọdún tó parí, kí ó sì wà nínú ìwé. Ìjà orí àṣẹ́kù kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a ń pín owó. Ọjọ́ tí a kò sọ ohun tí a máa fi àṣẹ́kù ṣe ló ti bẹ̀rẹ̀.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ gbé ogójì hóró àgbàdo síwájú àwọn ọmọ yín ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ìyá yín àgbà fi ọwọ́ kà á fún wọn ní márùn-ún márùn-ún bí àwọn ará àtijọ́ ti ń ṣe, kí wọ́n pe ogún, ogójì, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́ sí wọn létí. Ìṣirò tó wà nínú orúkọ wọ̀nyí kò rẹlẹ̀ sí èyí tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ní ti ₦8 ọdún tó kọjá, ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ọdún tuntun gẹ́gẹ́ bí owó ẹgbẹ́, kí ẹ sì ka ìdáhùn yìí sókè ní ìpàdé. Ẹni tó bá tún wo ọwọ́ yín, ẹ fún un ní bírò àti bébà, kó pín 20,000 sí ọ̀nà méjìlá fúnra rẹ̀. ₦8 ló máa bá níbẹ̀.